Ẹ̀sùn Lásán Ni Kóòdù
Iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo kọ́ ní Gáàtì, n'Ìbàdàn, etí la fi ń ṣe é. Ọ̀gá á ní ká fi iná sí i, á dẹtí sílẹ̀, á ní plọ́ọ̀gì kẹta ni kò jó. Mo gbé etí yẹn dé Houston, ṣùgbọ́n ìjọba Texas kì í gba ẹ̀rí etí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni wọ́n ti yọwọ́ nínú yíyẹ bíréèkì àti táyà ọkọ̀ ilé wò. Ti èéfín ṣì wà ní Harris County, ọkọ̀ tó bá sì kùnà, kò sí ìwé tuntun fún un.

Ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lókè orúnkún awakọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò ń ki wáyà bọ̀. Kì í dé ìdí sàlẹ́ńsà rárá. Ohun tí ọkọ̀ bá sọ fún un, síkánà kékeré tèmi náà lè gbọ́ ọ kí a tó lọ. Ìgbà tí kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, bá jáde ni adùn iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀sùn lásán ni. Ẹlẹ́rìí la ṣì ń wá.

Ẹ wo P0420. Ó ní kátálíìsì kò fọ èéfín dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ ra tuntun, owó gọbọi! Èmi á kọ́kọ́ wo sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí kátálíìsì sì yè, fóltéèjì sẹ́ńsọ̀ náà á dúró jẹ́ẹ́ nítòsí 0.7. Bó bá ń fò sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9, ọ̀rọ̀ ti ń wúwo. Síbẹ̀, n kò ní tíì dá a lẹ́jọ́. Láàárọ̀ tí ohun gbogbo ṣì tutù, mo máa ń fi iná sí ọkọ̀, kí n wá na ọwọ́ sún mọ́ ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀. Bí atẹ́gùn bá ń ta síni lọ́wọ́, tí èéfín dúdú sì ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, páìpù ti lu. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé lè máa tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Àwọn kan á ní kí n kàn pa kóòdù rẹ́ kí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lè kú lẹ́nu ọ̀nà ibi àyẹ̀wò. Ọ̀nà ò gba ibi tí wọ́n fojú sí. Bí o bá pa kóòdù rẹ́, kọ̀ǹpútà á gbàgbé gbogbo àyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe, ìyẹn àwọn mónítọ̀. Ọkọ̀ 2001 sókè, ẹyọ kan péré ni wọ́n gbà kó ṣẹ́kù láìparí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́nu ìrìn, ọ̀nà márosẹ̀ àti ti àdúgbò, ló máa ń parí wọn. Ti òórùn epo, EVAP, ló lágídí jù: bí táńkì bá kún dẹ́nu tàbí tó gbẹ, kò ní ṣe é.

Àbúrò kan gbé Corolla 2009 rẹ̀ wá lánàá lẹ́yìn tí a ti dí páìpù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, EVAP ò tíì ṣe tán o."

"Torí o rọ epo kún táńkì ni. Òun nìkan ló kù, àbí? Máa lọ."