Ẹ̀tù Tó Bá Ilé Rẹ̀ Mu

Orí tábìlì pákó kan nínú gáréèjì, ní ìpínlẹ̀ Montana, ni bàbá kan tó ń di ọta ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀ to gbogbo ohun èlò rẹ̀ sí: agolo ẹ̀tù mẹ́rin, òṣùwọ̀n kékeré kan, àti àádọ́ta ilé ọta onídẹ tó ti fọ̀, tó sì ti nù títí wọ́n fi ń dán. Ìbọn tí iṣẹ́ náà wà fún fara ti ògiri: Winchester 94, èyí tí John Browning ṣe ètò rẹ̀. Lífà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń já wálẹ̀, tí á sì dá padà sókè, kí ọta mìíràn tó wọlé. Mo rò pé ojú ẹsẹ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò ṣí agolo kankan. Ó mú ilé ọta kan, ó da ìdí rẹ̀ kọ iná, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

“30-30,” ni mo wí.

“Èwo ló jẹ́ ti ẹ̀tù nínú rẹ̀?”

N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọgbọ̀n kejì ni. Ọgbọ̀n àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ihò ìbọn, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún íǹṣì. Ìkejì ni ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ nígbà tó jáde ní 1895, nígbà tí ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni .45-70 tí àwọn ọmọ ogun wọn gbà ní 1873: àádọ́rin gíréènì ẹ̀tù dúdú. Orúkọ ọta wọ̀nyí gbé oúnjẹ wọn dání. Ṣùgbọ́n bàbá kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi orúkọ náà ṣe òṣùwọ̀n láé, torí pé ẹ̀tù òde òní yàtọ̀ sí ti ìgbà náà, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Ìwé ìlànà tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde, tó sì bá agolo ọwọ́ ẹni mu, nìkan la ń tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ni yíyan ti wá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí i pé ọwọ́ àgbà ni mo wà.

Gbogbo ẹ̀tù ló ń jó, àmọ́ wọn kì í jó bákan náà. Bí èyí tó ń yára jó bá pọ̀ jù, agbára rẹ̀ á ti ru dé òkè kí ọta tó rìn jìnnà. Èyí tó ń lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ kò ní tíì jó tán nígbà tí ọta bá jáde. Iná á bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn, ẹ̀tù tí kò jó á sì fọ́n sílẹ̀. Ọ̀pá Winchester yìí kò gùn ju 20 íǹṣì lọ, kò sí àyè fún ẹ̀tù tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Kò sì sí àyè fún ẹ̀tù oníjàgídíjàgan. Irin tó dí ìdí ọta, ẹ̀yìn pátápátá ni ohun tó tì í wà, idẹ .30-30 sì fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí òdiwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà fi pàṣẹ pé agbára inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá pọ́n-ùn 42,000 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, nígbà tí ọta .30-06 lè gba 60,000.

Mo bi í bóyá kò ní rí àmì lára idẹ bí agbára bá ti pọ̀ jù. Ó mi orí. Ó ní nínú ìbọn tó lágbára, àmì lè kìlọ̀ fúnni. Nínú irú èyí, kí àmì tó hàn, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwọn ọdẹ wa tó ń kì ṣakabùlà náà mọ̀ ọ́n: ìbọn tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ jù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ó wá ṣí agolo. Hodgdon LEVERevolution, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an tọ́ka sí ìbọn onílífà, ń ṣàn bí yanrìn, ó sì ń fún ọta ní eré tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láì ru òfin agbára. Bàbá yìn ín tọkàntọkàn, ó sì gbé e tì. Ó ní ti ìbọn Marlin òun tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 24 nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń rí àyè jó. H4895 máa ń fara balẹ̀ kódà bí wọ́n bá dín in kù. Ó fi pamọ́ de ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ ìbọn yíyìn, kí ìbọn má gbá a léjìká jù. Reloder 7 yára ju bó ṣe fẹ́ lọ fún ọta tó wúwo.

IMR 3031 ló mú. Ẹ̀tù yìí kò rọrùn. Ó gùn, ó rí bí èérún igi, ó sì máa ń há sínú ẹ̀rọ ìbu-ẹ̀tù. Èèyàn á gbọ́ ọ tó dún kẹ́ẹ́ nígbà tí irin bá gé e. Bàbá kò tilẹ̀ lo ẹ̀rọ. Ó fi ṣíbí kékeré bù ú sórí òṣùwọ̀n, ó wá ń fi ìka méjì ta á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ta iyọ̀ sọ́bẹ̀, títí òṣùwọ̀n fi dúró síbi tó fẹ́, kò yẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá gíréènì kan lọ. Àádọ́ta ìgbà ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí èyí tó le jù? Torí pé ó kún ilé rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣèèṣì dà á lẹ́ẹ̀mejì, á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ojú á rí i. Ìwọ̀nba ẹ̀tù kékeré nínú ilé ńlá lè di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan tàbí ìpè fóònù kan, kó sì fara pamọ́. Ohun mìíràn tún wà. Nínú ọ̀pá abẹ́ ìbọn yìí, àwọn ọta tò tẹ̀ léra wọn, orí ọ̀kan ń ti ìdí èkejì. Ìdí nìyẹn tí orí wọn fi pẹ̀lẹbẹ, kó má bàa gún ibi tí ń tanná lára ti iwájú. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn ni wọ́n ń gbá ara wọn, tí orí ọta ń fẹ́ rì sínú idẹ. Bàbá ń fún ọrùn idẹ pọ̀ mọ́ ojú ìlà tó wà lára ọta, ẹ̀tù tó kún dé ìdí rẹ̀ sì tún gbé e ró.

Èyí ni mo gbóríyìn fún jù. Ẹni tí eré ń wù á mú agolo tó gbé nọ́ńbà tó tóbi jù. Bàbá yìí mọ igbó tó ń dẹ, ó mọ̀ pé àgbọ̀nrín tó ń yìn kì í jìn ju 100 yáàdì lọ, pé ọta gíréènì 170 tó ń sáré nǹkan bí 2,200 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti ṣe iṣẹ́ náà láti ayé àwọn baba rẹ̀. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìbọn rẹ̀.

Nígbà tó di ti àkọ́kọ́ tán, ó mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ etí mi, ó mì í lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò dún.