Ìjókòó Awakọ̀, Sítíárìn àti Bẹ́líìtì

Ìjókòó awakọ̀ nínú mọ́tò òde òní kì í ṣe àga lásán. Nínú Toyota Corolla, tí ó kún ojú pópó Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, awakọ̀ lè sún ìjókòó síwájú tàbí sẹ́yìn, ó lè dá ẹ̀yìn rẹ̀ dùbúlẹ̀ tàbí kí ó gbé e nàró, ó lè fa ìrọ̀rí òkè rẹ̀ sókè, ó sì lè gbé sítíárìn wálẹ̀ bí ó bá ga jù fún un. Ìdí tí wọ́n fi fi ààyè gbogbo èyí sílẹ̀ kò le. Télọ̀ máa ń wọn oníbàárà kí ó tó gé aṣọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mọ́tò kò mọ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni ó rán fún ẹni kúkúrú àti ẹni gíga, ó sì fi ìyókù ìránṣọ náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í parí iṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó wa ọkọ̀ kẹ́yìn bá ṣe fi ìjókòó sílẹ̀ la ó ṣe bá a, a ó sì ṣíná sí ọkọ̀, ó di ojú ọ̀nà.

Ní ti bí àwọn ohun èlò náà ṣe rí, irin gígùn kan wà lábẹ́ etí iwájú ìjókòó. Bí a bá fà á sókè, ìjókòó yóò máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin méjì tí a dè mọ́lẹ̀ ọkọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́, níhà ilẹ̀kùn, a ó rí ọwọ́ kan tí ó ń dá ẹ̀yìn ìjókòó sẹ́yìn, àti òmíràn, nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ní i, tí ó ń gbé gbogbo ìjókòó ga. Nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá, bọ́tìnnì àti iná mànàmáná ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Irin tí ìjókòó ń yọ̀ lórí rẹ̀ ní eyín. Nígbà tí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀ lára irin iwájú, ó yẹ kí a gbọ́ kí eyín náà wọlé, kí a sì mi ara díẹ̀ láti mọ̀ pé ó ti dúró. Ìjókòó tí eyín rẹ̀ kò wọlé lè yọ̀ síwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì, ó sì lè yọ̀ sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, kí ẹsẹ̀ má dé búréèkì mọ́. Nítorí èyí ni a kì í fi tún ìjókòó ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ.

Ẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí awakọ̀ ti ìdí rẹ̀ wọ inú kọ̀rọ̀ ìjókòó pátápátá, kí ó tẹ búréèkì dé òpin; bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oní-gíà àfọwọ́pa ni, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó nà tán kò ní agbára mọ́ láti tẹ búréèkì líle, bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé gbogbo ìkọlù náà lọ sí ìgbáròkó. Bí ó bá sì sún mọ́ iwájú jù, orúnkún ni yóò kọ́kọ́ kan abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni gíga. Ojú awakọ̀ gbọ́dọ̀ ré kọjá orí sítíárìn kí ó sì rí ojú ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n kí ìkúùkù ọwọ́ kan ṣì lè gba àárín orí rẹ̀ àti òrùlé ọkọ̀. Àwọn tí kò ga máa ń fi tìmùtìmù sábẹ́ ìdí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Tìmùtìmù rírọ̀ máa ń tẹ̀, ó sì máa ń yọ̀, ara á sì gba abẹ́ bẹ́líìtì yọ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ tí ń gbé ìjókòó ga, òun ni kí ó lò. Ẹni tí kò ní i, kí ohun tí yóò fi sábẹ́ ìdí le, kí ó sì dúró sójú kan.

Ẹ̀yìn ìjókòó ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀nà kan rọrùn láti fi mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà: kí awakọ̀ fi èjìká méjèèjì ti ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó na apá, kí ó sì gbé ọrùn ọwọ́ lé góńgó orí sítíárìn. Bí ọrùn ọwọ́ bá dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé èjìká kúrò níbi tí ó wà, ó tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ìka nìkan ló dé ibẹ̀, ó ti jìnnà jù. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan fẹ́ràn láti dá ìjókòó sẹ́yìn bí ẹni tí ń gba atẹ́gùn ní ìta ilé, ọwọ́ kan lórí sítíárìn, orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilẹ̀kùn. Ó lè dùn ún wò lójú wọn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú bẹ́líìtì jìnnà sí àyà, ó sì ń jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè láti orí egungun wá sórí ikùn. Àwọn awakọ̀ èrò wa ní tiwọn máa ń ṣe òdìkejì: wọ́n á gbé àyà lé sítíárìn, ẹ̀yìn wọn kò sì ní kan ìjókòó láti Ọjọ́ta dé Ìbàdàn. Ẹ̀yìn dídùn tí wọ́n ń fi àgbo wò kò ṣẹ̀yìn èyí. Kí ẹ̀yìn ìjókòó nàró, kí ó sì dá sẹ́yìn díẹ̀ ni ó dára jù. Bí àlàfo bá sì wà níbi tí ìbàdí ti wọnú, aṣọ ìnura kékeré tí a ká yóò dí i.

Ìrọ̀rí tí ó wà lókè ìjókòó kì í ṣe ohun tí a fi ń sùn. Ọrùn ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá wa lẹ́yìn, ìjókòó yóò ti ara síwájú, orí yóò sì kù sẹ́yìn. Bí kò bá sí ohun tí yóò gbà á, ọrùn yóò já sẹ́yìn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan lórí ìjókòó iwájú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Òkè ìrọ̀rí yẹ kí ó bá òkè orí dọ́gba, kí ìpàkọ́ má sì jìnnà sí i ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀, a ó bá a pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ tán, ó wá ń dúró sí ẹ̀yìn ọrùn. Kò lè gba orí dúró níbẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré wà ní ìdí irin rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìrọ̀rí yóò ṣeé fà sókè.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn kò gùn. Irin kékeré kan wà lábẹ́ òpó rẹ̀. Bí a bá tì í, òpó náà yóò tú, a ó lè gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, nínú àwọn ọkọ̀ tuntun a sì lè fà á sún mọ́ra. Àyà ni kí sítíárìn dojú kọ, kì í ṣe ojú, kí awakọ̀ sì máa rí aago ìwọ̀n eré láàárín rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti di sítíárìn mú bí ọwọ́ aago ṣe máa ń wà ní 10 àti 2. Nísinsìnyí, 9 àti 3 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ, nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àpò yìí máa ń wú jáde láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú agbára tí ó lè ṣe ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù léṣe. Nítorí náà ni àwọn aláṣẹ ìrìnnà Amẹ́ríkà fi ní kí ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 25 wà láàárín egungun àyà àti àárín sítíárìn. Ẹni tí kò ga, tí ó ní láti sún síwájú kí ẹsẹ̀ lè dé búréèkì, lè dá ẹ̀yìn ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀ láti rí àlàfo náà. Olùrànlọ́wọ́ bẹ́líìtì ni àpò afẹ́fẹ́. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bẹ́líìtì tí a mọ̀ lónìí ní ìtàn tí ó yẹ ká mọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ nínú mọ́tò, ìdí nìkan ni ó ń dè. Orí àti àyà wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti lọ kan sítíárìn. Ní ọdún 1959, ẹnjiníà ará Swídìn kan, Nils Bohlin, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó tí ń ju awakọ̀ òfuurufú jáde kí ó tó dé ilé-iṣẹ́ Volvo, mú èyí tí ó ní orí mẹ́ta jáde: ọ̀kan lókè èjìká, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń dè é. Volvo kò dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ó gbà kí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́tò máa lò ó. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ló kọ́kọ́ fi òfin mú àwọn èèyàn rẹ̀ láti máa dè é, ní ọdún 1970. Ìlú Ọba ṣe tirẹ̀ fún ìjókòó iwájú ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ló ń bójú tó dídè rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹ fún ìyìn. Bí a bá fà á jẹ́jẹ́, yóò tẹ̀lé wa. Bí a bá já a gbà, yóò há pátápátá. Ṣùgbọ́n orí egungun ni ó gbọ́dọ̀ wà. Apá ìsàlẹ̀ yóò wà lórí ìgbáròkó, nísàlẹ̀ ikùn, kí ó fún mọ́ra. Apá òkè yóò gba orí egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, yóò sì dá àyà kọjá. Kò gbọ́dọ̀ lọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ abíyá. Ẹni tí ó bá ń ha á lọ́rùn kí ó wo òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibi tí bẹ́líìtì ti jáde ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Aláboyún pàápàá gbọ́dọ̀ dè é, kí apá ìsàlẹ̀ gba abẹ́ oyún, kí apá òkè gba àárín ọmú méjèèjì, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ oyún lọ.

Aṣọ wa béèrè àkíyèsí tirẹ̀. Agbádá tí a de bẹ́líìtì lé lórí kún fún ìṣẹ́po àti afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ara yóò kọ́kọ́ rin ìrìn àjò nínú aṣọ náà kí bẹ́líìtì tó mú un. Kí á ká apá rẹ̀ sókè, kí bẹ́líìtì gba abẹ́ rẹ̀ lórí bùbá, kí a wá da agbádá bò ó. Gèlè gíga ń ti orí kúrò lára ìrọ̀rí, ó sì ń dí dígí àárín fún awakọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ tú gèlè tí ó fi owó wé. Obìnrin tí ó bá wé irú rẹ̀, kí ó kúkú jẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ lọ sí ibi ìnáwó.

Àwọn àṣà kan wà tí ó ń sọ gbogbo ètò yìí di asán. Nínú ọkọ̀ èrò Micra ní Ìbàdàn, èrò méjì ni wọ́n ń fi sí ìjókòó iwájú tí ó ní bẹ́líìtì kan. Àwọn mìíràn ń ra irin kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò bẹ́líìtì kí ọkọ̀ má baà pariwo mọ́. Àwọn mìíràn sì ń fà á dá àyà nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀ bí wọ́n bá kọjá. Bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn ni a gbàgbé jù. Ó ti wọ abẹ́ aṣọ ìjókòó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò dè é lẹ́yìn yóò fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ kọlu ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Kí ìyá gbé ọmọ sórí itan kí ó sì fi bẹ́líìtì kan de àwọn méjèèjì léwu púpọ̀, nítorí ara ìyá ni yóò fún ọmọ náà pa mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn ni àyè ọmọdé, nínú ìjókòó tí ó bá gíga rẹ̀ mu. Èyí tí ó kọjú sẹ́yìn, tí a ń lò fún ọmọ ọwọ́, kò gbọ́dọ̀ wà níwájú àpò afẹ́fẹ́ láé.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà létò ni kí awakọ̀ tó tún dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, nítorí bí ìjókòó bá sún, ohun tí dígí ń fi hàn yóò yí padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà nìkan gba ojú yín. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde dé òpin, ẹ wò bóyá etí rẹ̀ ti ń tú, ẹ já a gbà bóyá yóò há. Ẹ ṣíná sí ọkọ̀ kí ẹ sì wo iná àpò afẹ́fẹ́: ó yẹ kí ó tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, tàbí tí kò kú, ó ṣeé ṣe kí ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí àpò náà. Bẹ́líìtì tí ó ti gba èèyàn dúró nínú jàǹbá ńlá kò ṣeé lò mọ́; ẹ ní kí oníṣòwò pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.