Jíjìnnà tí Kì í Ṣe ti Máìlì: Lámèyítọ́ lórí Iṣẹ́ Brockmann àti Helbing

Ohun tí a dáwọ́ lé nínú bébà yìí ni láti yẹ iṣẹ́ kan wò, èyí tí Dirk Brockmann àti Dirk Helbing gbé jáde nínú jọ́nà Science ní 2013. Ìbéèrè wọn kò ṣòro láti sọ: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan, ìlú wo ni yóò kàn, nígbà wo sì ni? Wọ́n sọ ìlú kọ̀ọ̀kan di ojúkò, wọ́n sọ ìrìn-àjò bàálù di okùn tó so ojúkò pọ̀, wọ́n sì wá ọ̀nà tó kúrú jù láti orísun àrùn dé ìlú yòókù, irú ìwákiri tí Dijkstra là sílẹ̀ ní 1959.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà yàtọ̀ ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún jíjìnnà. Wọn kò ka máìlì. Nínú gbogbo arìnrìn-àjò tó kúrò ní ìlú kan, wọ́n mú ìpín tó gúnlẹ̀ sí ìlú kejì, wọ́n sì yọ lọ́gàrídímù ìpín náà kúrò nínú oókan. Bí 9 nínú 10 bá ń lọ síbì kan, ibẹ̀ jìn ní nǹkan bí 1.1, bí ó bá jẹ́ 1 nínú 100, ó di 5.6. Nítorí náà, àlọ àti àbọ̀ kò dọ́gba. Ìlú kékeré tó jẹ́ pé ìlú ńlá kan ṣoṣo ni àwọn ará rẹ̀ ń lọ súnmọ́ ìlú ńlá náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀, ìlú kékeré yìí jìnnà réré. Ìwákiri ìpele-dé-ìpele, tó ń ka gbogbo okùn sí ọgbọọgba, kò lè rí èyí rárá.

Òṣùwọ̀n yìí bá ọjọ́ tí SARS ti 2003 àti H1N1 ti 2009 dé ibi púpọ̀ mu. A kò jiyàn ìyẹn. Ibi tí a ti takò wọ́n ni pé ọ̀nà tó kúrú jù jẹ́ ọ̀nà kan, bẹ́ẹ̀ àrùn kì í yan ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà mẹ́wàá tó gùn díẹ̀ lè kó àrùn wọ̀lú ju ọ̀nà kan tó kúrú lọ.

Èkejì ni ti bàálù. Ní 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ìnfulẹ́ńsà bá dé Èkó, ó sì bá rélùwéè gòkè. Lónìí, ta ni ń ka èrò inú gáréèjì?

Ẹ wo Ebola. Ní 20 Oṣù Keje 2014, aláìsàn kan ti Monrovia gba Lomé wọ Èkó nínú bàálù. Títí dé ibẹ̀, àwòrán wọn ṣe é lò. Ṣùgbọ́n láti Èkó, Port Harcourt ni àrùn náà lọ, kì í ṣe Ìbàdàn tí èrò ń wọ́ lọ lójoojúmọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kan tó ti fara kan aláìsàn náà, tó sì yẹ kó wà lábẹ́ ìṣọ́, sá lọ gba ìtọ́jú ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ló yan ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ìpín arìnrìn-àjò.

Wọ́n lè dá wa lóhùn pé ènìyàn 20 péré ló kó o, tí 8 kú, iye yìí sì kéré jù fún ìṣirò tó dá lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí aláìsàn ṣì jẹ́ 20 ni àwọn elétò ìlera nílò àwòrán jù. Bí wọ́n bá ti di 20,000, kò sí ìlú tí a óò tún máa wádìí ọjọ́ tí àrùn yóò dé ibẹ̀.