A Ya Kìnnìún, A Kò Ya Ẹ̀wọ̀n: Ojú Inú Nínú Ìwé Bunyan àti Nínú Ìwàásù Wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń dúró lórí pẹpẹ ni a ti kọ́ láti máa fura sí ojú inú. Wọ́n ní ohun tí a kọ sínú Bíbélì ni kí oníwàásù dì mú, pé asán ni ohun tí ọkàn ènìyàn bá yà. Wọn a sì máa tọ́ka sí 2 Kọ́ríńtì 10:5. Ṣùgbọ́n ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá jà níbẹ̀ ni àríyànjiyàn agbéraga tí ó dìde sí ìmọ̀ Ọlọ́run. Kò ní kí a fọ́ ojú inú. Ìtàn àgùntàn kan ṣoṣo ni Nátánì fi la ojú Dáfídì. Ọba mọ òfin, ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí ó rí tálákà náà àti àgùntàn rẹ̀ ni ó tó rí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe tún Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ kà. John Bunyan, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní Bedford láti 1660 sí 1672 nítorí pé ó kọ̀ láti dẹ́kun ìwàásù, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì C.M.S. tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Àkọlé náà bá a mu: èrò ni arìnrìn-àjò, èrò náà sì ni ohun tí ọkàn ń rò.

Ẹ wo ibi tí kìnnìún méjì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ba Christian, ó fẹ́ padà. Adènà ni ó ké sí i pé ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn wọn, kí ó sáà gba àárín ọ̀nà. Bunyan kò sọ pé kò sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀wọ̀n náà pamọ́ fún òǹkàwé.

Ibí yìí ni ìwé náà ti bá wa wí. Ní ìsọ́ òru kan, a ya àwòrán àjẹ́ fún ìjọ: ìyá arúgbó, inú ilé, abọ́ oúnjẹ. Ìjọ pariwo "Iná!" Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ìyàwó ilé kan ti kọ oúnjẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà, ọmọ ìjọ wa, kò wá sí ìsìn mọ́. A kò dárúkọ rẹ̀. Ojú inú àwọn tó gbọ́ ni ó bá wa dárúkọ rẹ̀. A ya kìnnìún, a kò ya ẹ̀wọ̀n.

Àwọn mìíràn ń kọ́ni pé kí a máa fi ojú inú wo mọ́tò tí a fẹ́ títí yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bunyan kò mọ irú rẹ̀. Nínú ilé olódi Òmìrán Àìnírètí, láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú títí di alẹ́ Sátidé, Christian àti Hopeful kò jẹ, wọn kò mu. Ní òru Sátidé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, Christian rántí pé kọ́kọ́rọ́ tí ń jẹ́ Ìlérí wà láyà òun. Àdúrà náà kò rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó rán an létí.

Síbẹ̀, ìwé náà ní àléébù. Christian fi ìka di etí, ó sá fi aya àti ọmọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìpè Kristi ju ilé lọ, ṣùgbọ́n pásítọ̀ tó bá ka apá kìn-ín-ní nìkan lè rò pé ẹrù ni ilé rẹ̀. Ní 1684 ni Bunyan kọ apá kejì, níbi tí Christiana àti ọmọkùnrin wọn mẹ́rin ti gba ọ̀nà kan náà. Ẹ má ṣe ka ọ̀kan láìka èkejì.

Ẹ̀yin tí a ó gbé ọwọ́ lé láìpẹ́, kí ẹ tó ya àwòrán kan lórí pẹpẹ, ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò ru àwòrán yìí délé? Àwa ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ó gbé oúnjẹ fún wa, a sì jẹ ẹ́. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, a sọ ọ́ lórí pẹpẹ kan náà.