Igi àti Irin Nínú Ohùn Gìtá Pedal Steel

Gìtá pedal steel máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí wọn, ẹsẹ̀ àti orúnkún sì ń mú okùn le tàbí dẹ̀. Òun ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù fi dárà nínú ẹgbẹ́ jùjú King Sunny Adé.

Igi maple líle ni wọ́n sábà fi ń ṣe ara rẹ̀, nítorí kì í tètè gbé ohùn mì. Àmọ́ apá ọ̀tún, níbi tí okùn parí sí, ni ọgbọ́n oníṣẹ́ pọ̀ sí jù. Okùn kọ̀ọ̀kan gba orí ìka àlùmíníọ̀mù kan kọjá, gbogbo ìka náà sì ń yí lórí ọ̀pá irin kan. Ìka gbọ́dọ̀ yí geere, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Bí ó bá mì, ibẹ̀ ni agbára okùn ń ṣòfò sí, ohùn á sì tètè kú. Nínú irú gìtá yìí kan tí wọ́n ń pè ní Emmons push-pull, ìka máa ń fara ti ara gìtá gbọn-in nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ pẹ́dà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olórin fi ń yin ohùn rẹ̀.

Ọ̀pá ọwọ́ òsì náà ní ipa tirẹ̀: èyí tó wúwo tó sì ń dán kì í jẹ́ kí ohùn já. Ní ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn, bí wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọn bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ń ki tó, àmọ́ dídán rẹ̀ ń dín kù.