Àlọ́ Tó Ń Kọ́ Etí

Bí Yorùbá ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láti fetí sílẹ̀, ibi àlọ́ ló ti hàn jù. Àpamọ̀, ìyẹn àlọ́ oníbéèrè, ló ń ṣíwájú. Ìyá àgbà á ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ á dáhùn, "Ààlọ̀!" Ọmọ tó bá já lu ọ̀rọ̀ kí ìbéèrè tó parí, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín, á sì kan ẹlòmíràn.

Àpagbè, ìyẹn àlọ́ onítàn tó ní orin, ló wá gba etí jù. Ègbè orin Ìjàpá kò gbọdọ̀ yá ju lílé lọ, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀pà sísun á gberin níbi tí kò yẹ, gbogbo agbo á sì mọ̀. (Olùkọ́ tí kì í mú pàṣán nìyẹn!) Tó bá kan àbíkẹ́yìn, yóò pa tirẹ̀, ìyá àgbà á sì gbe orin rẹ̀.