Asọ̀rọ̀mágbèsì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ọmọdé

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì lè má mọ ohun tí à ń pè ní lámèyítọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an ni ó ṣe. Nígbà tí àpótí tí a fi wáyà so mọ́ ògiri dé Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn ènìyàn rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá ni, kì í dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi dá a lóhùn. Orúkọ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Òṣogbo, nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ní kí n wá wo eré tí wọ́n fẹ́ fi dá àwọn ọmọ tí ara wọn kò yá lára yá. N kò lè bẹnu àtẹ́ lu inúure wọn. Owó àpò wọn ni wọ́n fi ra aṣọ eré àti bisikíìtì tí wọ́n pín. Wọ́n ṣe eré Ìjàpá, wọ́n jó, wọ́n ń ṣubú lura wọn, àwọn ìyá sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan àlọ́ kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti orí rédíò, èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ń gbè fún apàlọ́ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, omi ń kán sí i lára láti inú ike. Bí apàlọ́ ti ké “Ààlọ́ o!”, ọmọ náà lanu, ó fẹ́ dáhùn. Kí ohùn rẹ̀ tó jáde, àwọn ọmọ inú ẹ̀rọ ti dáhùn, ìtàn sì ti kọjá. Nígbà tí orin dé, ó tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohùn àwọn tí ara wọn le bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó panu dé, ó sì kọjú sí ògiri.

N kò tíì rí ohun tí ó fi àléébù irú eré bẹ́ẹ̀ hàn mí tó ìyẹn. Àlọ́ kì í ṣe ìtàn tí a kàn ń rọ sí ọmọdé létí. Bí ọmọ kò bá dáhùn, apàlọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì wo ipò tí ọmọ wà ní ilé ìwòsàn: wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n la ẹnu rẹ̀ fún oògùn kíkorò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì pè é, ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè ní Àdùkẹ́ nílé. Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe sí i láti àárọ̀ di alẹ́, àlọ́ nìkan ni ó ń dúró gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlọ́ àpamọ̀ ni, èyí tí ó gbà tí kò bọ́ sí i pàápàá, òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé Òṣogbo ni irú eré báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, ìlú tí Dúró Ládípọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣí Mbari Mbayọ̀ ní 1962, tí a sì ti kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So ní 1963. Ìlú Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ti Oyin Adéjọbí, ẹni tí àrùn ẹsẹ̀ kò dá dúró lórí ìtàgé. Ìlẹ́ṣà ni a sì ti bí Baba Sàlá, tí ó kú ní 2018. Ta ni ó dákẹ́ wòran àwọn wọ̀nyí rí? Òǹwòran a máa bá wọn kọrin, a máa kìlọ̀ fún ẹni rere, a sì máa ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀. Níbo ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti wá kọ́ ọ pé kí òǹwòran káwọ́ gbera? Mo fura sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, n kò sì yọ ara mi sílẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò rédíò fún àwọn aláìsàn ti gbilẹ̀. Ní nǹkan bí 1926 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àgbékọ́tí gbé ìsìn ìjọ àti ìròyìn eré ìdárayá dé etí ibùsùn ní ìlú York. Ó ní ìdí. Òfin ọsibítù wọn kì í jẹ́ kí òbí dúró ti ọmọ nígbà náà. Ní 1952, James Robertson ṣe fíìmù kan nípa ọmọ ọdún méjì tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn láìsí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbànújẹ́ ọmọ náà sì mú kí ọ̀pọ̀ dókítà bínú sí fíìmù náà dípò òfin. Ìgbà tí ó di 1959 ni ìgbìmọ̀ Platt dámọ̀ràn pé kí wọ́n fàyè gba òbí. Àlàfo tí òfin dá sílẹ̀ ni rédíò ń dí. Ohun tí mo yìn jù nínú tiwọn ni àṣà tí àwọn olùyọ̀ǹda wọn dá lẹ́yìn náà, pé kí wọ́n máa lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, kí wọ́n béèrè orin tí aláìsàn fẹ́, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Asọ̀rọ̀ gba èsì níbẹ̀.

Tiwa yàtọ̀, nítorí ìyá ń bẹ nítòsí. Nígbà tí Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Ìlẹ́ṣà, láti 1956 sí 1961, tí ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì tí à ń fi ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Káàdì náà kò jókòó sínú káńbọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì. Ìyá ni ó ń mú un lọ sílé tí ó ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ó gbà pé ọwọ́ ìyá tó iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn eléré wa ní Òṣogbo kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ àwọn ìyá tí ó mọ àlọ́ jù wọ́n lọ di òǹwòran.

Àkókò eré tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a pàlọ́ lọ́sàn-án. Bí mo ti ń wo wọ́ọ̀dù náà, mo rí ọgbọ́n mìíràn nínú èèwọ̀ náà. Ọ̀sán kò ṣòro fún ọmọ tí ń ṣàìsàn. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Òru ni ẹ̀rù ń bà á, nígbà tí ọmọ kejì ń ké, tí ìyá sì ti sùn lọ lórí ẹní. Aago mẹ́rin ni àwọn eléré wa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

N kò ní kí a ju rédíò nù. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n gba àlọ́ sílẹ̀ láìfi ohùn ọmọ kankan sí i, kí apàlọ́ ké “Ààlọ́ o!”, kí ó sì dúró pẹ́, kí ẹni tí omi ń kán sí lára lè rí ohùn rẹ̀ gbé jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n dán an wò ná. Wọ́n ti lọ bá ìyá nọ́ọ̀sì àgbà tí ń bójú tó wọ́ọ̀dù náà, kí ó jẹ́ kí wọ́n máa wá ní aago méje alẹ́, kí àwọn ìyá sì máa pa àlọ́ tiwọn.